Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Kọ́ Ló Wo Orúnkún Mi Sàn

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kẹ́ ẹ tó gégùn-ún fún mi. Ohun tí mo fi pamọ́ ti lé ní ọdún mẹ́ta, mi ò lè gbé e mọ́. Ìyá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Àbújá bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lórúnkún ni. Tí orúnkún náà bá gan, ọwọ́ mi ló ti wá. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ló sì máa sọ bóyá wọ́n á rìn tàbí wọn ò ní rìn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dúró mọ́.

Ẹ má béèrè orúkọ mi. Sabon Gari ni mo ń gbé, ní Kano níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Olùkọ́ ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi sì ti di olóògbé. Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, Aláwàdà ni wọ́n ń pè mí, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́. Tí mo bá ń sọ ìtàn, ẹni tó ti dìde láti lọ sílé á tún jókòó. Kò sẹ́ni tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo fi Bàbá Ìjọ wa pàápàá ṣẹ̀fẹ̀ rí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹnu tó kó mi sí wàhálà ni. Kì í ṣe pé mò ń yangàn.

Orúnkún ọ̀tún mi ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọyẹ́ Kano mọ ilé gbogbo ẹni tí orúnkún ń dùn. Bó bá ti dé, tèmi á wú, á sì máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo fi oríṣiríṣi nǹkan pa á. Mo fi aṣọ dì í. Ìjọ gbàdúrà fún mi, wọ́n tiẹ̀ gbààwẹ̀ nítorí mi. Nígbà tó yá, mi ò lè dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ́. Orí ìjókòó ni mo ti ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà sì ti mọ̀ pé mi ò lè lé ẹnikẹ́ni bá, kíláàsì mi wá di ọjà.

Dókítà ya fọ́tò egungun náà. Ó ní ohun tó dà bí ìrọ̀rí láàárín egungun méjèèjì ti jẹ tán, pé egungun ló ń lọ egungun. Ó ní kò sí ìpara tó lè dá ìrọ̀rí yẹn padà. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n á gé ojú egungun tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe é ló ń rìn dáadáa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ó ní ọ̀bẹ ò ní ṣe tán iṣẹ́ náà, pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, èmi ni mo máa ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ọgbẹ́ náà.

Ẹ lè rò pé ìjọ ló ní kí n má lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìjọ fúnra wọn ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú rí, wọ́n sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wa. Ẹnu èmi fúnra mi ló dè mí.

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa, Bọ̀dá Jósẹ́fù, káfíńtà ni, ẹgbẹ́ mi ni. Ó já bọ́ láti orí òrùlé ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ náà ti gan bí igi. Tó bá jókòó nínú ìjọ, á nà gbalaja sí ojú ọ̀nà. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bọ̀dá Ṣẹ́kípọ́ìntì. Mo ní kò sẹ́ni tó lè kọjá lára ẹsẹ̀ yẹn láìkọ́kọ́ dúró. Mo ní orúnkún tòkunbọ̀ ni wọ́n rà fún un, pé ẹni tó ta á ti sá lọ. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín, mo sì tún un sọ.

Ẹ wá sọ fún mi, ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún àwọn èèyàn yẹn pé èmi náà ń lọ gba orúnkún onírin?

Mo purọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Fúnmi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìlọrin. Mo sọ fún ìjọ pé mò ń lọ tọ́jú ọlọ́mọ. Wọ́n gbé omi àdúrà fún mi pé kí n máa bù ú sí omi ìwẹ̀ ọmọ náà. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Ìlọrin ni mo ti ṣiṣẹ́ abẹ. Ọmọ wà lóòótọ́, ẹ ò rí i, àmọ́ ẹni tó ní òun ń lọ wẹ ọmọ, òun gan-an ni wọ́n ń wẹ̀. Fúnmi á wẹ ọmọ tán, á wá wẹ ìyá arúgbó.

Ìrora yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rántí rẹ̀ púpọ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ẹsẹ̀ ní ọsibítù kò mọ̀ ju kí n ká a, kí n nà án, kí n tún un ká. Mo ní mi ò lè ká a. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, mo bẹ̀ ẹ́ ní Haúsá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní Lárúbáwá. Nílé, Fúnmi tún burú jù ú lọ. Ó ní, Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, ẹ fi èyí náà ṣẹ̀fẹ̀. Mo bú u. Mo bú ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe ń bú u ni mò ń ká a. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, orúnkún náà sì ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Kí ọmọ Fúnmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rá, mo ti ń rìn láìmú ọ̀pá lọ́wọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni orúnkún tuntun yìí kọ̀: kò fẹ́ kí n kúnlẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní kò ní fọ́, àmọ́ á máa dà bíi pé mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Mo padà sí Kano. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke omi ní àdúgbò wa ló kọ́kọ́ rí mi. Ó dá ọmọlanke dúró, ó ní, "Mama, gwiwa ta warke?" Ó ń béèrè bóyá orúnkún ti sàn ni. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá má kọ ìwé yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ láti ilé. Mo ti ronú irú ẹ̀fẹ̀ tí màá fi ara mi ṣe, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì dárí jì mí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe rí mi tí mò ń rìn bọ̀ ni ìjọ ti dìde. Orin ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé iwájú. Sùtánà mi balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí àpá. Bàbá Ìjọ na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi, wọ́n ní, "Aláwàdà, kí ni Olúwa ṣe fún ẹ?"

Mo wo iwájú. Ẹsẹ̀ Bọ̀dá Jósẹ́fù ló wà níbẹ̀, tó nà gbalaja.

Ahọ́n mi yà kúrò lọ́nà. Mo ní mò ń wẹ ọmọ lọ́jọ́ kan, mo sì bu omi àdúrà sínú omi ìwẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Mo ní ọmọ náà ta ẹsẹ̀, omi sì ta sí mi lórúnkún. Mo ní ooru kan wọ inú egungun mi lọ, kí n tó mọ̀, mo ti dìde dúró. Mo tún ní ọmọ náà wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, ọmọ tí mo ní kò tíì pé oṣù kan nígbà náà. Nínú ìjọ tó kún fún abiyamọ, kò sẹ́ni tó bi mí pé irú ọmọ wo nìyẹn. Wọ́n ń sunkún ni. Ìtàn náà dùn. Òun ló dùn jù nínú gbogbo ìtàn tí mo ti sọ láyé mi.

Bí irọ́ bá ti bímọ kan, kì í ṣe àgàn mọ́. Wọ́n béèrè ìdí tí mi ò fi ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mo ní mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé orí ìdúró ni màá ti máa dúpẹ́. Kò pẹ́, àwọn obìnrin mìíràn ti ń dúró gbàdúrà, wọ́n ní àwọn ń bá mi san ẹ̀jẹ́. Tí mo bá pàdé àgbàlagbà lójú pópó, mo máa ń fi ẹ̀fẹ̀ bo àìkúnlẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìyá Tólú.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni wọ́n. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ni wọ́n di ìyá mi. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni yàrá wọn wà. Orúnkún wọn méjèèjì ló ń dùn, ó sì ti pẹ́ ju tèmi lọ. Tólú ọmọ wọn tó wà ní Àbújá ti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ètò ti tò. Wọ́n ti di ẹrù.

Ọjọ́ Àìkú tí mo jẹ́rìí yẹn ni wọ́n tú ẹrù náà.

Wọ́n wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì, ìgò lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí omi náà ṣe rí, bóyá ó tutù tàbí ó gbóná. Ààyè ṣí sílẹ̀ fún mi. Èmi àti àwọn nìkan la wà nínú yàrá. Mo lanu. Ohun tó jáde ni pé, "Lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, Màmá." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé tí wọ́n bá ti bímọ ní àdúgbò, Ìyá Tólú á dé ibẹ̀ láti tọrọ omi ìwẹ̀ ọmọ. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Haúsá tó múlé gbè wọ́n pàápàá. Àwọn yẹn ò bi wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n kàn ń bù ú fún wọn.

Mo ní màá sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ń bọ̀ ni, kò dé.

Ojú mi ni ẹsẹ̀ wọn ṣe tẹ̀. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, ó wá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Wọ́n mú ọ̀pá kan, wọ́n mú méjì. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tí ọyẹ́ tó kọjá dé, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ láti òkè mọ́, ìjọ ló ń gbé oúnjẹ Olúwa lọ bá wọn lọ́hùn-ún. Ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ nínú yàrá. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù, èmi ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Wọ́n á ní, Aláwàdà ńkọ́?

Tólú pè mí. Ọmọ Kano ni, bó ṣe ń sọ Yorùbá ló ń da Haúsá pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Àǹtí, don Allah, nítorí Ọlọ́run, ẹ bá mi bẹ Màmá. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín."

Mo lọ. Ìyá Tólú wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ tí Ọlọ́run fi omi wò sàn, o wá ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ ya èmi. Ṣé ọmọ bàbá ni ẹ́, tí èmi jẹ́ àlejò ni?"

Mo ní ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà pọ̀.

Wọ́n ní, "Èyí tó gbà fún ẹ ni mo fẹ́. Fa aṣọ ẹ sókè kí n fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fọwọ́ kan ibi tí Olúwa fọwọ́ kàn, tèmi náà á gbọ́."

Mo sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ opó kì í ṣe ohun ìwòran lọ́sàn-án gangan. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, inú wọn dùn pé mo wá. Mo sá lọ. Nínú adaidaita tó gbé mi padà sílé, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà bi mí bóyá ara mi ò yá.

Mo tún padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé kòkó, ẹ̀kọ mímu àwọn ará Haúsá, àti àkàrà dání. Orí ẹní ni mo bá wọn. Àpótí kan ṣoṣo ló wà nítòsí, mo sì fẹ́ jókòó lé e. Ìyá Tólú ní kí n dúró. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, wọ́n wọ́ ìdí lọ títí dé ibi bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fa ìrọ̀rí wọn sílẹ̀. Wọ́n wá ń tì í bọ̀ níwájú wọn, wọ́n á tì í, wọ́n á wọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n á sinmi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e, wọ́n kọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀.

Wọ́n ní, "Má jókòó lórí igi lásán. Orúnkún tí Olúwa tún ṣe, a kì í fi ṣeré."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Mo gbé kòkó sílẹ̀. Mo fa aṣọ mi sókè títí ó fi kọjá orúnkún, mo sì dúró bẹ́ẹ̀.

Àpá náà gùn, ó ti òkè orúnkún wá sísàlẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mò ń retí pé wọ́n á gbá mi létí. Wọn ò gbá mi létí.

Wọ́n ní, "Ṣé ó dùn ẹ́?"

Mo ní ó dùn mí.

"Ta ló dúró tì ẹ́?"

Mo ní Fúnmi ni. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, Ìlọrin, irin, ike, ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín. Mi ò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà. Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà tí o fi wà lọ́hùn-ún ni mo fi ń gbààwẹ̀ fún ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kúnlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú wọn. Ìrora náà gbé mi, mo ní kó máa gbé mi lọ.

Ìyá Tólú yí ojú kúrò lára mi. Wọ́n ní, "Dìde. Má bà á jẹ́. Kí ti ẹnì kan dára nínú àwa méjèèjì. Fa aṣọ ẹ sílẹ̀ kó o máa lọ, má sì padà wá síbí mọ́."

Mo lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Tólú pè, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní Màmá ti gbà láti wá. Ó ní wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi gbà, àmọ́ òun mọ̀ pé èmi ni mo bá wọn sọ̀rọ̀, pé Ọlọ́run á bù kún mi. Ọpẹ́ yẹn ta mí lójú ju ata lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo dúró sí òdìkejì títì, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń ta tíì. Àwọn ọkùnrin gbé Ìyá Tólú sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Gbogbo àdúgbò ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rí mi.

Mo lọ bá Bọ̀dá Jósẹ́fù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́, mo sì fẹ́ fi orúnkún mi hàn án. Ó ní kí n má wulẹ̀ fa aṣọ sókè. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́rìí lòun ti mọ̀, pé bí mo ṣe dìde lórí àga nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ òun ní ọsibítù. Ó ní òun ń retí pé màá wá bá òun.

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ fi gan tí tèmi sì ń ká. Ó fi òòlù sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi ò lè fara da ẹkún mi. Tí mo bá ti ké, á ní kí n sinmi. Àánú ló mú kí ẹsẹ̀ mi gan, Aláwàdà."

Mo ti sọ fún Bàbá Ìjọ pẹ̀lú. Wọ́n di orí mú. Wọ́n ní ibi tí mo ti da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni kí n ti lọ kó o. Màá ṣe é lọ́jọ́ Àìkú yìí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n á sọ mí lókùúta. Obìnrin kan ṣì wà nínú ìjọ wa tó ń kó omi ìwẹ̀ ọmọ sínú ìgò. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe ti ìjọ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí.

Àná ni Tólú tún pè. Wọ́n ti ṣe orúnkún kan. Dókítà ní iṣẹ́ náà lọ dáadáa, pé tí èyí bá gbọ́ràn làwọn á tó ṣe èkejì. Àmọ́ ó ní ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ pẹ́, iṣan rẹ̀ ti rọ. Ó ní ká ní wọ́n wá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ wá ni, ẹsẹ̀ náà ì bá nà tán. Ní báyìí, kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ọwọ́ aláìsàn ló kù sí, kí wọ́n máa ká a lójoojúmọ́.

Ìyá Tólú ò ká a. Tólú ní bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, Màmá á bú sẹ́kún. Òun á yí ojú kúrò, ìyàwó rẹ̀ á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ náà, á ní kí wọ́n fi Màmá lọ́rùn sílẹ̀ títí di ọ̀la. Àwọn ọmọ rere ni. Wọ́n ń ṣàánú ìyá wọn.

Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ lè mú Màmá rẹ́rìn-ín nínú ìrora yìí. Don Allah, ẹ máa bọ̀. Àmọ́ tí mo bá ti dárúkọ yín, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ wá. Kí ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì gé ìpè náà. Ẹ rí i, mo tún purọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹni tó fẹ́ràn yín rí, ẹ bá mi dá sí i. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ní kí n má wá, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ara wọn tí mo bà jẹ́ sì ń fẹ́ ẹni tí kò ní ṣàánú rẹ̀. Mo mọ ìrora yẹn. Mo mọ ibi tó máa ń pọ̀ dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo sì mọ bí èèyàn ṣe ń bú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè ká ẹsẹ̀. Tí mo bá lọ, màá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Tólú lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè lé mi padà. Tí Ìyá Tólú bá rí mi, ó lè jẹ́ pé ojú mi nìkan á dá kún ohun tó ń ṣe wọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá máa bú mi, kí wọ́n máa bú mi, kí wọ́n ṣáà máa ká a.

Ṣé kí n wọkọ̀, àbí kí n bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn kí n jókòó sí Kano?

Mi ò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín o, mi ò tíì ní ẹnu tí màá fi tọrọ rẹ̀. Ọ̀nà Àbújá ni mò ń béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ìdáríjì lè dúró dè mí, orúnkún Ìyá Tólú ò ní dúró.